Àmì, Atọ́ka àti Ẹ̀rí: Èdè-Ìperí Yorùbá fún Àyẹ̀wò Ẹ̀jẹ̀ Lórí Jẹjẹrẹ àti fún Oògùn Fáírọ́ọ̀sì

Àṣamọ̀

Iṣẹ́ yìí dá lórí bí a ṣe lè fi èdè Yorùbá ṣàlàyé ẹ̀ka ìmọ̀ ìṣègùn méjì tó wọnú ara wọn: àwọn èròjà inú ẹ̀jẹ̀ tí àwọn oníṣègùn ń wọ̀n láti mọ̀ bóyá jẹjẹrẹ wà lára, àti ọ̀nà tí a ń gbà gbé oògùn tó ń kojú fáírọ́ọ̀sì kalẹ̀. Àrùn mẹ́dọ̀wú B àti jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ ni a fi ṣe òpó àlàyé wa. A ṣàfihàn pé mọ́fíímù tí a bá yàn fún orúkọ oògùn tàbí ti àyẹ̀wò máa ń sọ ohun kan nípa iṣẹ́ rẹ̀, àti pé ohun tí ó sọ lè jẹ́ òtítọ́ tàbí irọ́. A dábàá kí a ya àmì, atọ́ka àti ẹ̀rí sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Kí a lo adínà-ìbísí dípò apa-. Kí a sì fi ìlànà ìṣẹ̀dá tó wà nínú àgúnmu àti àjẹsára ṣe àwòkọ́ṣe fún orúkọ oògùn tuntun.

1.0 Ìfáárà

Láti ìgbà tí ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ ti jáde ní ọdún 1984, tí apá kejì tí Ọládélé Awóbùlúyì ṣe olóòtú rẹ̀ sì tẹ̀ lé e ní ọdún 1990, àwa onímọ̀ èdè ti ní ohun èlò tí a lè fi sọ̀rọ̀ nípa gírámà, lítíréṣọ̀ àti ìlànà ìkọ́ni ní èdè abínibí wa. Ẹ̀ka ìmọ̀ ìṣègùn kò rí irú oore bẹ́ẹ̀ gbà tó. Ẹni tó bá fẹ́ ṣàlàyé àbájáde àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ fún aláìsàn ní Yorùbá máa ń fi àdàmọ̀dì èdè méjì sọ ọ́, tàbí kí ó sáré mú ọ̀rọ̀ tó bá kọ́kọ́ sọ sí i lẹ́nu.

Ọ̀rọ̀ yìí kọjá ẹwà èdè. Gẹ́gẹ́ bí ìròyìn tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde ní ọdún 2024, àwọn ènìyàn bíi mílíọ̀nù 254 ni fáírọ́ọ̀sì mẹ́dọ̀wú B wà lára wọn fún ọjọ́ pípẹ́ ní ọdún 2022, mílíọ̀nù 65 nínú wọn sì ń gbé ní ẹkùn Áfíríkà ti àjọ náà. Àrùn yìí àti jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ tó ń fà ṣe ikú pa àwọn ènìyàn bíi mílíọ̀nù 1.1 ní ọdún kan náà. Oògùn tó ń dá a lọ́wọ́ kọ́ wà, ó sì jẹ́ hóró kan lóòjọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá rò pé ara òun ti dá, tó sì dá oògùn dúró fúnra rẹ̀, lè rí i kí fáírọ́ọ̀sì náà jí padà kí ó sì ba ẹ̀dọ̀ jẹ́ lọ́nà tó burú ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Bí ẹni náà ṣe ń rò nípa oògùn rẹ̀ kò yà sọ́tọ̀ kúrò lára orúkọ tí a fi pè é fún un. Ìdí nìyí tí a fi gbà pé iṣẹ́ onímọ̀ èdè ni ọ̀rọ̀ yìí.

2.0 Orúkọ àrùn àti ohun tó ń sọ

2.1 Orúkọ tí ìmọ̀ ìṣègùn ti kọjá rẹ̀

Ọ̀pọ̀ orúkọ àrùn ní èdè ilẹ̀ wa ni ó jẹ́ gbólóhùn kékeré. Ẹ jẹ́ kí a wo orúkọ tí èdè mẹ́ta fún àrùn tí fáírọ́ọ̀sì HIV ń fà:

(1) a. Yorùbá: àrùn kògbóògùn (kò + gbọ́ + oògùn)
b. Ígbò: obiri n'aja ọcha, ‘ohun tó ń parí sínú iyanrìn funfun’, èyí tí í ṣe sàréè
c. Hausa: ƙanjamau, ọ̀rọ̀ tó ń tọ́ka sí rírù hangogo

Èyí tó wà ní (1c) ń sọ ohun tí ojú rí lára aláìsàn. Ṣùgbọ́n (1a) àti (1b) ń sọ ọjọ́ iwájú aláìsàn: wọ́n ní kò sí oògùn, wọ́n ní sàréè ni òpin. Nígbà tí a dá orúkọ wọ̀nyí sílẹ̀, wọn kò jìnnà sí òtítọ́. Zidovudine, oògùn àkọ́kọ́ tí a fọwọ́ sí fún àrùn náà ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1987, kò lè dá nìkan ṣe iṣẹ́ náà fún ìgbà pípẹ́. Láti ọdún 1996 tí àwọn oníṣègùn ti ń lo oògùn mẹ́ta pọ̀, ẹni tó bá ń lo oògùn déédéé lè gbé ayé pẹ́ bíi ti ẹlòmíràn. Orúkọ náà dúró síbẹ̀, ìyísódì inú rẹ̀ kò sì yí padà: àrùn tó ń gbọ́ oògùn lónìí ṣì ń jẹ́ kògbóògùn. Ní Hausa, àpólà cuta mai karya garkuwar jiki, ‘àrùn tó ń fọ́ apata ara’, ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ƙanjamau. Àpólà yìí ń ṣàpèjúwe iṣẹ́ àrùn láìsọ àsọtẹ́lẹ̀ ikú, nítorí náà kò sí ìlọsíwájú ìmọ̀ oògùn tó lè sọ ọ́ di irọ́.

Ẹ̀kọ́ tí a rí kọ́ níbẹ̀ ni pé orúkọ tó bá ṣàpèjúwe bí nǹkan ṣe ń ṣiṣẹ́ máa ń pẹ́ ju èyí tó ń sọ ìgbẹ̀yìn rẹ̀ lọ. Ìlànà yìí ni a ó máa tẹ̀ lé ní àwọn abala tó kù.

2.2 Ẹ̀dọ̀ àti ẹ̀dọ̀fóró

Hausa pe ẹ̀dọ̀ ní hanta, ó pe ẹ̀dọ̀fóró ní huhu. Ígbò ní imeju fún ti ìṣáájú, ó ní akpa ume, ‘àpò èémí’, fún èkejì. Yorùbá nìkan ni orúkọ ẹ̀yà ara méjèèjì jọ wá láti orí kókó kan náà nínú àwọn mẹ́ta yìí. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ bíi jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀, tí àpètúnpè wà nínú rẹ̀, wà lẹ́nu àwọn kan fún àìsàn ẹ̀dọ̀, ó sì wà lẹ́nu àwọn mìíràn fún ikọ́ tó ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Ẹni tí a bá sọ fún pé jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ ni ó ń ṣe é lè máa retí ikọ́.

Mẹ́dọ̀wú, tí àwọn oníròyìn àti òṣìṣẹ́ ìlera ń lò, dára jù ú lọ. Ìṣẹ̀dá rẹ̀ hàn kedere: mú + ẹ̀dọ̀ + wú. Wíwú yìí gan-an ni ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ẹ̀dọ̀. Síbẹ̀, ó yẹ kí a ya fáírọ́ọ̀sì mẹ́dọ̀wú sọ́tọ̀ kúrò lára àrùn mẹ́dọ̀wú, nítorí pé fáírọ́ọ̀sì náà lè wà lára ènìyàn fún ogún ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ láìjẹ́ pé ó mọ nǹkan kan lára.

3.0 Àmì kọ́, atọ́ka ni

3.1 Ohun tí àwọn oníṣègùn ń wọ̀n

Ní ọdún 1963, Garri Abelev àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Moscow rí purotéènì kan nínú ẹ̀jẹ̀ eku tó ní jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀. Purotéènì náà kì í ṣe àjèjì: ẹ̀dọ̀ ọmọ inú oyún ló máa ń ṣe é, ó sì máa ń lọ sílẹ̀ gan-an lẹ́yìn ìbí. Ní ọdún 1964, Tatarinov rí i nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn ènìyàn tó ní jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀. Èyí ni AFP. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé sẹ́ẹ̀lì tó ti di jẹjẹrẹ padà sí ìwà ìgbà oyún, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ohun tó ti fi sílẹ̀. Irú rẹ̀ mìíràn ni CEA, tí Phil Gold àti Samuel Freedman ṣàwárí ní Kánádà ní ọdún 1965. CA-125 tí Robert Bast àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣàlàyé ní ọdún 1981, tí a ń wọ̀n nítorí jẹjẹrẹ ilé-ẹyin obìnrin. Àti PSA, tí a ń wọ̀n nítorí jẹjẹrẹ pírọ́sítéètì, ẹ̀yà ara ọkùnrin tó wà lábẹ́ àpò ìtọ̀. Ilé-iṣẹ́ ìjọba tó ń mójútó oògùn ní Amẹ́ríkà fọwọ́ sí àyẹ̀wò PSA ní ọdún 1986 fún títẹ̀lé ipò ẹni tí a ti mọ̀ pé ó ní jẹjẹrẹ, ó sì fọwọ́ sí i ní ọdún 1994 fún ìrànwọ́ nínú wíwá jẹjẹrẹ tí a kò tíì mọ̀.

A kọ purotéènì sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀-àyálò pẹ̀lú ìdí. Àwọn ìwé ilé-ẹ̀kọ́ wa ń pe purotéènì inú oúnjẹ ní èròjà amúaradàgbà, ó sì bá ẹ̀wà àti ẹyin mu. Ṣùgbọ́n bí a bá sọ pé èròjà amúaradàgbà ti pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ aláìsàn, yóò rò pé oúnjẹ aṣaralóore ni òun ń jẹ ní àjẹjù.

3.2 Ìṣòro ọ̀rọ̀ náà àmì

Ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ ń wá sí ọkàn atúmọ̀ èdè fún irú èròjà yìí ni àmì: àmì jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé àmì àrùn ti ní ìtumọ̀ tirẹ̀ lẹ́nu gbogbo ènìyàn. Ara gbígbóná jẹ́ àmì ibà. Ẹni tí a rí àmì ibà lára rẹ̀, ibà ti dé sí i lára. Bí a bá sọ fún bàbá àgbàlagbà kan pé, “Bàbá, a rí àmì jẹjẹrẹ nínú ẹ̀jẹ̀ yín,” gbólóhùn ìdájọ́ ni a sọ létí rẹ̀, kódà bí ó bá jẹ́ pé PSA rẹ̀ kan ga díẹ̀ ni.

Òótọ́ ọ̀rọ̀ yàtọ̀ sí ìyẹn. Pírọ́sítéètì tó kàn tóbi nítorí ọjọ́ orí máa ń gbé PSA sókè, bẹ́ẹ̀ ni èyí tí kòkòrò àrùn mú kí ó wú. Nínú àwọn ọkùnrin tí PSA wọn wà láàárín nánógíráàmù 4 sí 10 nínú mílílítà kan, nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́rin ni àyẹ̀wò ẹran ara máa ń rí jẹjẹrẹ lára rẹ̀. CA-125 máa ń ga nígbà nǹkan oṣù, nígbà oyún, àti bí ìjù bá wà nínú ilé-ọmọ. AFP máa ń ga lára aboyún, ó sì máa ń ga bí mẹ́dọ̀wú bá ru sókè láìsí jẹjẹrẹ kankan.

3.3 Àfiwé pẹ̀lú gírámà

Àwa onímọ̀ gírámà mọ irú ohun báyìí dáadáa. Ọ̀rọ̀ tí a ń lò fún un ni atọ́ka. Ẹ wo àpẹẹrẹ wọ̀nyí:

(2) a. Adé ń ta aṣọ.
b. Adé ta aṣọ.

Ní (2a), ń ni atọ́ka ibá-ìṣẹ̀lẹ̀. Ṣùgbọ́n ó lè jẹ́ pé Adé wà nídìí ọjà lọ́wọ́lọ́wọ́, èyí tí í ṣe atẹ́rẹrẹ. Ó sì lè jẹ́ pé òwò aṣọ ni iṣẹ́ rẹ̀, èyí tí í ṣe bárakú, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé oorun ló ń sùn nígbà tí a ń sọ̀rọ̀. Atọ́ka kan, ìtumọ̀ méjì. Sàkánì ọ̀rọ̀ ni yóò yanjú rẹ̀. Bákan náà ni PSA tó ga: ó ń tọ́ka, ṣùgbọ́n ohun tó ń tọ́ka sí ju ẹyọ kan lọ. Ọjọ́ orí aláìsàn, bí iye náà ṣe ń lọ sókè láti oṣù dé oṣù, àti àyẹ̀wò mìíràn ni sàkánì tí oníṣègùn fi ń túmọ̀ rẹ̀.

Ní (2b), kò sí atọ́ka kankan, síbẹ̀ gbogbo elédè ló gbọ́ ọ gẹ́gẹ́ bí ohun tó ti ṣẹlẹ̀. Àìsí atọ́ka kò túmọ̀ sí àìsí ìṣẹ̀lẹ̀. Èyí náà bá ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ mu. Nínú iṣẹ́ ìwádìí kan tí a gbé jáde ní Amẹ́ríkà ní ọdún 2004, a yẹ ẹran ara pírọ́sítéètì àwọn ọkùnrin 2,950 wò tí PSA wọn kò ju 4 lọ, tí ó yẹ kí ọkàn wọn balẹ̀. A rí jẹjẹrẹ lára ìdá 15.2 nínú ọgọ́rùn-ún wọn. Ọ̀pọ̀ jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ náà ni kì í gbé AFP sókè rárá. Ìdí nìyí tí àwọn oníṣègùn fi máa ń fi ẹ̀rọ tó ń fi ìró ya àwòrán inú ara wo ẹ̀dọ̀ ní oṣù mẹ́fà mẹ́fà fún àwọn tí ewu wọn pọ̀, tí wọn kò gbára lé AFP nìkan.

Bákan náà, atọ́ka tó ń ṣiṣẹ́ dáadáa fún títẹ̀lé àrùn lè má wúlò fún wíwá a. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, a tọ àwọn obìnrin tó lé ní 200,000 lẹ́yìn fún ọ̀pọ̀ ọdún láti mọ̀ bóyá wíwọn CA-125 lọ́dọọdún yóò dín ikú jẹjẹrẹ ilé-ẹyin kù. Àbájáde tó jáde ní ọdún 2021 fi hàn pé kò dín in kù.

3.4 Ìyàsọ́tọ̀ mẹ́ta

Nítorí náà, a dábàá kí a lo ọ̀rọ̀ mẹ́ta fún ohun mẹ́ta:

(3) a. àmì: ohun tí aláìsàn tàbí ẹlòmíràn lè rí tàbí mọ̀ lára, bíi inú wíwú tàbí ojú pípọ́n
b. atọ́ka: èròjà tí a wọ̀n nínú ẹ̀jẹ̀, tó ń tọ́ka sí ohun tó ṣeé ṣe kí ó wà
c. ẹ̀rí: ohun tí kò lè wá láti ibòmíràn yàtọ̀ sí àrùn náà, bíi sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ tí a rí nínú ẹran ara tí a gé wò

Ìyàsọ́tọ̀ yìí ṣe pàtàkì nínú ọ̀rọ̀ mẹ́dọ̀wú B, níbi tí àyẹ̀wò méjì ti máa ń tẹ̀ léra lórí aláìsàn kan náà. HBsAg jẹ́ ara aṣọ tí fáírọ́ọ̀sì náà wọ̀. Bí àyẹ̀wò bá fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé ó wà, ẹ̀rí ni pé fáírọ́ọ̀sì wà, bí ó bá sì wà ju oṣù mẹ́fà lọ, a mọ̀ pé ó ti fìdí kalẹ̀. AFP ní tirẹ̀, ara aláìsàn fúnra rẹ̀ ló ṣe é, atọ́ka ni. Ọ̀rọ̀-ìṣe tí a ń lò pẹ̀lú wọn gbọ́dọ̀ yàtọ̀. Fún HBsAg, ó wà tàbí kò sí ni ìbéèrè. Fún AFP, ó ga, ó lọ sókè tàbí ó wálẹ̀ ni ó tọ́, nítorí kò sí àgbàlagbà tí èròjà náà kò sí lára rẹ̀ bó ti wù kó kéré mọ. Ẹni tó bá sọ pé “o ní AFP” sọ ohun tí kò ní ìtumọ̀.

Ìtàn HBsAg fúnra rẹ̀ kọ́ wa ní ẹ̀kọ́ nípa ìsọlórúkọ. Baruch Blumberg, tó gba Ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 1976 nítorí iṣẹ́ yìí, kọ́kọ́ rí i nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ onílẹ̀ ilẹ̀ Ọsirélíà kan. Nínú ìròyìn tó jáde ní ọdún 1965, orúkọ ilẹ̀ náà ni a fi pè é, nítorí a kò tíì mọ iṣẹ́ rẹ̀. Nígbà tí a mọ̀ pé ara fáírọ́ọ̀sì ni, a yí orúkọ padà. Orúkọ ibi tí a ti rí nǹkan kì í bá a kalẹ́ nínú ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì.

4.0 Pípa tàbí dídínà?

Àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ a- pẹ̀lú ọ̀rọ̀-ìṣe pa bímọ púpọ̀ nínú èdè òde òní. Apakòkòrò jẹ́ oògùn tí àgbẹ̀ ń fín sí oko. Ó sì tún jẹ́ orúkọ tí àwọn kan ń pe oògùn tó ń pa bakitéríà inú ara. Láti ibẹ̀, ó rọrùn láti ṣẹ̀dá apafáírọ́ọ̀sì. Èrò wa ni pé ìṣẹ̀dá yìí tọ́ ní ìlànà mọ́fọ́lọ́jì, ṣùgbọ́n ó parọ́ nípa ìmọ̀ ìṣègùn.

Tenofovir, tí ọ̀pọ̀ aláìsàn mẹ́dọ̀wú B ń lò, kò pa fáírọ́ọ̀sì kankan. Fáírọ́ọ̀sì náà máa ń bí sí i nípa dída àkọsílẹ̀ rẹ̀ kọ, ègé kan tẹ̀ lé ìkejì. Tenofovir jọ ọ̀kan nínú àwọn ègé wọ̀nyí. Ẹ́ńsáìmù tó ń ṣe àdàkọ gbà á sínú ìlà, ṣùgbọ́n kò ní ibi tí ègé tó kàn yóò so mọ́. Àdàkọ náà á dúró níbẹ̀. Àkọsílẹ̀ ìpìlẹ̀ tí fáírọ́ọ̀sì ti fi pamọ́ sínú kókó sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀ kò mì, kò sì kú. Bí oògùn bá dáwọ́ dúró, àdàkọ á tún bẹ̀rẹ̀.

Ohun tó ti kú kì í jí. Ẹni tó bá gbà pé oògùn òun jẹ́ apa- yóò ní ìdí tó gún régé láti dá a dúró lẹ́yìn oṣù mẹ́fà: a kì í na òkú ejò. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá mọ̀ pé ìdínà ni, yóò mọ̀ pé bí a bá gbé ìdínà kúrò lójú ọ̀nà, ọkọ̀ á tún máa lọ.

Èdè wa ní ọ̀rọ̀-ìṣe méjì tó sún mọ́ra níhìn-ín: dènà (dè + ọ̀nà) àti dínà (dí + ọ̀nà). Ẹni tó dènà ń lúgọ de ẹni tó ń bọ̀; ẹni tó dínà gbé ohun kan sójú ọ̀nà tí kò ṣeé kọjá. Iṣẹ́ tenofovir jẹ́ ti èkejì, nítorí òun fúnra rẹ̀ ni ó di ohun tó dí ìlà àdàkọ. A dábàá oògùn adínà-ìbísí fáírọ́ọ̀sì, tí a lè gé kúrú sí adínà-ìbísí níbi tí kò bá ti ní mú ìrújú wá. A lè fi adènà sílẹ̀ fún àjẹsára, tó ń mú ara gbára dì de fáírọ́ọ̀sì kí ó tó dé.

5.0 Ìgbékalẹ̀ oògùn

5.1 Ohun tí àwọn baba wa ti ní

A máa ń gbọ́ pé èdè Yorùbá kò ní ọ̀rọ̀ fún ìmọ̀ ìgbékalẹ̀ oògùn. Àpẹẹrẹ (4) fi hàn pé kò rí bẹ́ẹ̀:

(4) a. àgúnmu: à + gún + mu
b. àsèjẹ: à + sè + jẹ
c. ìpara: ì + pa + ara
d. àjẹsára: à + jẹ + sí + ara

Nínú (4a) àti (4b), ọ̀rọ̀-ìṣe àsínpọ̀ ni ó wà nídìí ọ̀rọ̀-orúkọ náà. Ọ̀rọ̀-ìṣe àkọ́kọ́ sọ bí a ṣe ṣe oògùn, èkejì sọ ọ̀nà tí ó gbà wọ ara. Nǹkan méjì tí ìmọ̀ ìgbékalẹ̀ oògùn ń bójú tó níbi gbogbo ní ayé nìyẹn. Àjẹsára fi hàn pé irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lè fẹ̀ sí i: ohun tí a ń jẹ kí ó lè wà nínú ara fún ààbò ni tẹ́lẹ̀, lónìí abẹ́rẹ́ àjẹsára kò ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé a kì í jẹ abẹ́rẹ́. Jẹ ti pàdánù ìtumọ̀ gangan rẹ̀. Sára ni ó ń gbé ẹrù ìtumọ̀ náà.

5.2 Oògùn tó ń di oògùn nínú ara

Antonín Holý ní Prague àti Erik De Clercq ní Leuven ni a mọ̀ mọ́ iṣẹ́ tó bí tenofovir. Ìṣòro tó dojú kọ ọ́ jẹ́ ti ìgbékalẹ̀: ẹrù iná mànàmáná tó wà lára mólékù rẹ̀ kò jẹ́ kí ó lè la ìfun kọjá. Ẹni tó bá gbé e mì yóò yà á dànù fẹ́rẹ̀ẹ́ ní odindi. Ohun tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n fi ohun kan bo ẹrù náà, èyí tó ń jẹ́ disoproxil. Pẹ̀lú ìbòrí yìí, ó la ìfun kọjá. Nígbà tó dé inú ẹ̀jẹ̀, ẹ́ńsáìmù bọ́ ìbòrí náà, tenofovir sì jáde. A fọwọ́ sí i ní Amẹ́ríkà ní ọdún 2001 fún HIV àti ní ọdún 2008 fún mẹ́dọ̀wú B, ní hóró mílígíráàmù 300 lóòjọ́.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n yí ìbòrí padà sí alafenamide, tó lágbára tó bẹ́ẹ̀ tí kò fi tètè bọ́ nínú ẹ̀jẹ̀; inú sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀ ni ó ti ń bọ́ jù. Nítorí pé oògùn ń dé ibi tí a rán an kí ó tó ṣí aṣọ rẹ̀, mílígíráàmù 25 péré tó láti ṣe iṣẹ́ náà, ewu tó wà fún kíndìnrín àti egungun sì dín kù. A fọwọ́ sí èyí fún mẹ́dọ̀wú B ní ọdún 2016. Ìlànà kan náà ni ó wà nínú valacyclovir, tí a fọwọ́ sí ní ọdún 1995. Ìdá 15 sí 20 nínú ọgọ́rùn-ún péré ni ó ń wọ inú ẹ̀jẹ̀ nínú acyclovir tí a gbé mì. Nígbà tí a so valine mọ́ ọn, ó di bí ìdá 54.

Kí ni kí a pe irú oògùn yìí? Ìṣáájú-oògùn, tí àwọn kan lè dábàá, kàn tẹ̀ lé mọ́fíímù Gẹ̀ẹ́sì ni. Ẹni tó gbọ́ ọ yóò rò pé oògùn mìíràn ṣì ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Oògùn eléèpo dùn ún gbọ́, ṣùgbọ́n yóò rú pọ̀ mọ́ kápúsù, tí èèpo tirẹ̀ ṣeé fojú rí. A dábàá adoògùn-nínú-ara (a + di + oògùn + nínú + ara). Ó sọ iṣẹ́ náà, ó sì ní ohun tí a lè yí padà nínú rẹ̀: adoògùn-nínú-ẹ̀jẹ̀ fún disoproxil, adoògùn-nínú-sẹ́ẹ̀lì fún alafenamide. Ìyàtọ̀ láàárín hóró méjèèjì, tí ó ṣòro láti ṣàlàyé fún aláìsàn, ti wà nínú orúkọ.

5.3 Ìtò

Mólékù kan náà lè yàtọ̀ ní ìwà bí ìtò rẹ̀ bá yàtọ̀. Ritonavir, oògùn HIV tó jáde ní ọdún 1996, wà nínú kápúsù. Ní ọdún 1998, wọ́n rí i pé àwọn mólékù rẹ̀ ti ń to ara wọn lọ́nà mìíràn tí ẹnikẹ́ni kò rí rí, èyí tí kò fẹ́ yòrò. Wọ́n ní láti kó kápúsù náà kúrò lọ́jà, kí wọ́n sì tún oògùn náà gbé kalẹ̀. Kò sí ohun tí a yọ kúrò, kò sí ohun tí a fi kún un. Fún onímọ̀ èdè, àlàyé rẹ̀ kò le: ọ̀rọ̀ kan náà ni ó wà nínú Ajá bu Olú jẹ àti Olú bu ajá jẹ. Ìtò, tí a ti ń lò fún gbólóhùn, lè ṣiṣẹ́ fún èyí náà.

6.0 Gbólóhùn àbájáde: rí àti sí

Bí adínà-ìbísí bá ń ṣiṣẹ́ dáadáa, àyẹ̀wò tó ń wá DNA fáírọ́ọ̀sì nínú ẹ̀jẹ̀ lè má rí i mọ́. Gbólóhùn méjì ni a sábà máa ń gbọ́:

(5) a. Kò sí fáírọ́ọ̀sì nínú ẹ̀jẹ̀ yín mọ́.
b. Àyẹ̀wò kò rí fáírọ́ọ̀sì nínú ẹ̀jẹ̀ yín.

(5a) yí wíwà sódì. (5b) yí rírí sódì. Ìyàtọ̀ wọn ni ìyàtọ̀ láàárín ẹni tí yóò dá oògùn dúró àti ẹni tí yóò máa lò ó lọ. (5b) nìkan ni ó bá òtítọ́ mu, nítorí pé àkọsílẹ̀ ìpìlẹ̀ ṣì wà nínú ẹ̀dọ̀. Ó yẹ kí a fi kún un pé, “Oògùn ni ó dí i lọ́nà, bí oògùn bá kúrò, yóò tún bẹ̀rẹ̀.”

7.0 Ìkádìí

A ti gbìyànjú láti fi hàn pé ṣíṣẹ̀dá èdè-ìperí ìṣègùn ju wíwá ọ̀rọ̀ dípò ọ̀rọ̀ lọ. Àmì ń dájọ́ níbi tí atọ́ka kò ti dájọ́. Apa- ń ṣèlérí ohun tí oògùn kò lè ṣe. Kògbóògùn ń sé ìlẹ̀kùn tí ìmọ̀ ti ṣí láti ọdún 1996. Ní ìdà kejì, àwọn ìlànà tí èdè wa ti ní lọ́wọ́, yálà nínú gírámà tí àwa fúnra wa kọ tàbí nínú àgbàdá àti ọlọ àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀, tó láti gbé ìmọ̀ tuntun yìí ró.

Kì í ṣe Yorùbá nìkan ni iṣẹ́ yìí kàn. Ilẹ̀ Gáḿbíà, níbi tí iṣẹ́ ìwádìí ńlá lórí àjẹsára mẹ́dọ̀wú B ti bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1986, ní èdè Mandinka, Fulani àti Wolof. Orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ní agbègbè wa ni ó ní èdè tí aláìsàn fi ń gbọ́ àbájáde rẹ̀. A rọ àwọn onímọ̀ èdè ẹlẹgbẹ́ wa kí wọ́n wo ọ̀rọ̀-ìṣe tó wà nínú orúkọ oògùn àti ti àyẹ̀wò ní èdè tiwọn, kí wọ́n bi í léèrè bóyá òtítọ́ ni ó ń sọ. Níbi tí kò bá ti sọ òtítọ́, kí a jókòó ti oníṣègùn, olùṣàyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ àti aláìsàn, kí a tún un ṣe kí ó tó di bárakú.